Ìṣẹ́jú 12 Kò Tó Ohun Tí Ènìyàn Ń Torí Rẹ̀ Kú

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló gbà pé eré àsápajúdé ní í múni tètè délé. Ìṣirò ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tú àṣírí èrò yìí: bí a bá fi ìwọ̀n eré pín ìwọ̀n ọ̀nà, iye àkókò ìrìn-àjò ni yóò jáde.

Ẹ wo ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Awakọ̀ tí ó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, tí òfin ìrìnnà gbà fún ọkọ̀ kékeré, yóò fi ìṣẹ́jú 72 rin kìlómítà 120. Ẹni tí ó rú òfin, tí ó ń sá 120, yóò fi ìṣẹ́jú 60 rìn ín. Èrè rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 12 lọ. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kan ṣoṣo ní Bẹ́gà lè gbé e mì.

Ewu ibẹ̀ ńkọ́? Bí ọmọdé bá já sójú títì, tí awakọ̀ náà fi ìṣẹ́jú-àáyá kan péré pẹ́ kí ó tó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ rẹ̀ ti rin nǹkan bí mítà 33.

Nítorí náà, kí èrò ọkọ̀ má ṣe dákẹ́ mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.