Òpó Afárá àti Tírélà

Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde ètò iṣẹ́ ọ̀nà rẹ̀ ní ọdún 2023, afárá gíga fún Ilé-Ifẹ̀ wà lára rẹ̀. Inú wa dùn sí i. Ẹni tí ó bá ti há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Lágere rí kò ní bi wá léèrè ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ kì í sọ: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí tírélà tí bíréèkì rẹ̀ já bá kọlu òpó irú afárá bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin olùkọ́ lè là á yé àwọn ọmọ. Kọnkéré lágbára púpọ̀ bí a bá gbé ẹrù lé e lórí. Bí a bá fà á, kíá ni yóò sán. Irin tí a tò sínú rẹ̀ ni ó ń gba fífà náà mọ́ra. Ọkọ̀ kì í sì í kọlu òpó láti òkè. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń wá, nísàlẹ̀, bí ẹni fi àáké gé igi nídìí. Nígbà náà, àwọn irin wẹ́wẹ́ tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ríǹgì, tí a fi ń so irin ńlá pọ̀, ni kì í jẹ́ kí òpó gé sí méjì. Bí agbaṣẹ́ṣe bá tò wọ́n jìnnà síra kí owó lè ṣẹ́ kù sí i lápò, ojú wo ni yóò rí i lẹ́yìn tí a bá ti da kọnkéré? Eré ọkọ̀ pẹ̀lú ní ìṣirò tirẹ̀: bí ó bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ọkọ̀ gbé wá di ìlọ́po mẹ́rin. Ìlànà àwọn ẹnjiníà afárá ní Amẹ́ríkà béèrè pé kí òpó tí kò ní ààbò lè fara da ìkọlù tí ó tó 600,000 pọ́n-ùn, ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sókè ilẹ̀.

A kò gbàgbé Ojúẹlẹ́gba ní Èkó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, àpótí ẹrù já bọ́ láti orí afárá ibẹ̀, ó pa ènìyàn 3. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, òmíràn wó lu ọkọ̀ èrò, ènìyàn 9 kú. Ògiri kúkúrú etí afárá lè dá ọkọ̀ kékeré padà. Tírélà tí ẹrù rẹ̀ ga yóò dojú dé kọjá orí rẹ̀ ni.

Èyí tí ó bí wa nínú jù ni àtúnṣe ojú ayé. Ọkọ̀ gbá òpó, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí i, wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n sì lẹ àwòrán olóṣèlú mọ́ ọn. Ríǹgì tí ó já ń bẹ nínú, omi ń wọlé, irin ń dípẹtà, ìpẹtà náà ń wú, ó sì ń ti kọnkéré já bọ́. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Nítorí náà, a ké sí ìjọba kí ó fi àwòrán iṣẹ́ àwọn afárá rẹ̀ han àwọn ẹnjiníà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó ti wà ní Ifẹ̀ láti ọdún 1967. Kí a mọ ògiri ààbò yí ẹsẹ̀ òpó ká, kí ó yàgò fún òpó fúnra rẹ̀. Òpó tí ọkọ̀ bá sì gbá, kí a là á wò kí a tó kùn ún. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ máa ṣe, ẹ bi aṣòfin yín léèrè ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ó bá tún wá bẹ̀ yín fún ìbò.