Abẹ́rẹ́ tí wọn kò bá tú lójú yín, ẹ má gbà á sára

  

Bí ẹ bá fẹ́ ra gàrí lọ́jà, ṣé ẹ ò ní bu díẹ̀ sẹ́nu? Ẹ ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bó bá jẹ́ iṣu ni, ẹ ó yẹ orí rẹ̀ wò, ẹ ó yẹ ìdí rẹ̀ wò. Tòmátì ńkọ́? Ẹ ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ìyá ọlọ́jà tó máa bá yín jà pé ẹ yẹ ọjà òun wò. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, tó ní kí ẹ dojú bolẹ̀ kí òun gún yín lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú wa á kàn dojú bolẹ̀ ni. A ò ní bèèrè ibi tí abẹ́rẹ́ ọ̀hún ti wá. Gàrí tí a óò jẹ tán lọ́la là ń yẹ̀ wò, abẹ́rẹ́ tó ń wọnú ẹran ara wa, a ò wò ó. Èrò tèmi ni pé ó yẹ ká yí ìwà yẹn padà, ìdí nìyí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá lónìí.

Abẹ́rẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí gan-an ni abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní acupuncture. Kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa mọ́. Láti ọdún 1978 ni ìjọba Ṣáínà ti ń rán dókítà wá sí orílẹ̀-èdè Benin, sí ilé ìwòsàn bíi ti Natitingou àti Lokossa, àwọn kan nínú wọn sì máa ń fi abẹ́rẹ́ yìí tọ́jú ìrora. Lónìí, kì í ṣe àwọn ará Ṣáínà nìkan ló ń ṣe é mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ru ẹrù lọ sọ́jà, ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀ kọ ebè láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ mọ ohun tí ẹ̀yìn dídùn ń fojú èèyàn rí. Bí ẹnì kan bá ní abẹ́rẹ́ lè bá yín dín in kù, ẹ ó fẹ́ lọ.

Èmi ò ní kí ẹ lọ, èmi ò sì ní kí ẹ má lọ. Ó máa ń dín ìrora ẹ̀yìn tàbí ti orúnkún kù fún àwọn kan. Kì í wo ibà, kì í wo Sídà, kì í wo ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tó bá ní òun á fi í wo àwọn yẹn fún yín, ẹ yáa dìde níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni pé: bí ẹ bá máa gbà á, ẹ yan irú abẹ́rẹ́ tí ẹ óò gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú nǹkan tó jẹ́. Abẹ́rẹ́ yìí kò ní ihò nínú bíi ti èyí tí a fi ń gún oògùn síni lára. Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò nípọn tó ìdá mẹ́ta mìlímítà kan, ó tín-ín-rín débi pé ẹlòmíràn kì í mọ̀ pé ó ti wọlé. Oníṣẹ́ lè gún un sí ibi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi í síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n, kó tó fà á yọ. Àwọn àgbà wa ní, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kíkéré tó kéré yìí ló ń jẹ́ ká fojú di í.

Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ẹ̀jẹ̀ ni okùn. Bí abẹ́rẹ́ bá ti ara ẹnì kan jáde, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ojú kò lè rí máa ń bá a jáde. Bó bá tún wọ ara ẹlòmíràn, ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún á tẹ̀ lé e wọlé, pẹ̀lú ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀. Èyí tó yẹ kó bà wá lẹ́rù jù ni àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹpatíìtì B. Kòkòrò rẹ̀ lè wà láàyè fún ọjọ́ méje níta ara, lórí abẹ́rẹ́, lórí abẹ, lórí tábìlì. Bí abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ aláàrùn yìí bá gún ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ìlera tí kò gba àjẹsára, ó lè mú tó 30 nínú wọn. Ti Sídà kò tó bẹ́ẹ̀: nínú ẹgbẹ̀rún èèyàn, bíi mẹ́ta ni. Ẹni tó ní ẹpatíìtì B sì lè má mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń rìn, ó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Ẹ má sọ pé ẹ̀rù lásán ni mo ń dá bà yín. Ní ọdún 1984, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà, èèyàn 35 ló kó ẹpatíìtì B lọ́dọ̀ oníṣẹ́ acupuncture kan. Ara wọn ní kó yá ni wọ́n ṣe lọ síbẹ̀ o. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí ni kò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ní abúlé tí ilé ìwòsàn jìnnà sí?

Ó dáa, abẹ́rẹ́ wo wá ni ká yàn? Èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a sì ń sọ nù ni, tó wà nínú ọ̀rá tí a dì pa, tí wọ́n tú lójú yín. Nǹkan ayọ̀ kan wà níbẹ̀: ẹni tí kò mọ̀wé lè ka ọ̀rá yẹn. Àmì ló wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ mú igi, ẹ yà wọ́n sórí iyẹ̀pẹ̀ kí gbogbo ẹgbẹ́ rí i.

Àmì kìíní: ẹ ya òǹkà 2, ẹ fi òbìrí yí i ká, kí ẹ wá fa ìlà kan dábùú rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ẹ má lò ó lẹ́ẹ̀kejì. Àmì kejì: ẹ ya ìlù gángan, tó fẹ̀ lókè, tó fẹ̀ nísàlẹ̀, tó fún láàárín. Ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ náà máa kọjá lílò. Bí ọjọ́ yẹn bá ti lọ, abẹ́rẹ́ náà ti lọ nìyẹn. Ẹ pe ọmọ yín tó ń lọ sílé ìwé kó bá yín kà á. Àmì kẹta: ọ̀rọ̀ kan nínú àpótí kékeré, STERILE, tí EO tàbí R tẹ̀ lé. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọ̀rá fúnra rẹ̀. Bó bá ti ya, bí omi bá ti kàn án, bí ètí rẹ̀ bá ti ṣí tí wọ́n tún un lẹ̀, àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò wúlò mọ́.

Ọgbọ́n kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Àwọn ọ̀rá kan wà tí abẹ́rẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́wàá wà nínú wọn. Bí oníṣẹ́ bá tú u fún yín, tó lo mẹ́fà, mẹ́rin á ṣẹ́ kù. Mẹ́rin yẹn kò gbọ́dọ̀ kan ẹni tó tẹ̀ lé yín, nítorí atẹ́gùn àti ọwọ́ ti kàn án. Bákan náà, ẹ̀yin náà ẹ má gba èyí tó ṣẹ́ kù lára ẹlòmíràn. Kí ẹ tún kà á: iye tó wọlé ni iye tó gbọ́dọ̀ jáde. Bí mẹ́jọ bá wọlé tí méje jáde, ẹ má dìde.

Ẹlòmíràn á sọ pé, abẹ́rẹ́ gígùn ló lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n fẹ́ gún ló ń sọ gígùn àti sísanra rẹ̀. Ojú àti ọwọ́ ń fẹ́ èyí tó kúrú tó sì tín-ín-rín, ìdí àti itan lè gba èyí tó gùn díẹ̀. Àyà àti òkè ẹ̀yìn ni ká ṣọ́ra fún jù, nítorí ẹ̀dọ̀fóró wà lábẹ́ wọn. Abẹ́rẹ́ tó bá wọlé jù níbẹ̀ lè lu ẹ̀dọ̀fóró, kí èèyàn má lè mí dáadáa. Bí ẹ bá gba abẹ́rẹ́ tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, tí èémí ń kúrú, ẹ má dúró dọ̀la, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn oníṣẹ́ kan máa wí. Wọ́n á ní, "Mo máa ń sè é." Òótọ́ ni pé a lè pa kòkòrò ara irin. Ní ilé ìwòsàn ńlá, ìkòkò irin kan wà tí wọ́n ń dé pa, tí ooru inú rẹ̀ ń dé ìwọ̀n 121, tó sì gbọ́dọ̀ wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Ìkòkò ọbẹ̀ kì í débẹ̀, ìwọ̀n 100 ni omi ń hó. Ọtí tí wọ́n fi ń nu abẹ́rẹ́ kò pa gbogbo nǹkan. Fífi iná jó o ń ba ẹnu rẹ̀ jẹ́. Bí oníṣẹ́ bá tiẹ̀ ní ìkòkò tó péye, ẹ̀yin tí ẹ dojú bolẹ̀ kò rí i nígbà tó ń sè. Ọ̀rá tí wọ́n tú lójú yín nìkan ni ẹ lè fi ojú ara yín jẹ́rìí sí. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn.

Wọ́n á tún ní, "Orúkọ rẹ ló wà lára èyí, ìwọ nìkan ni mo ń fi gún." Ẹ má gbà. Abẹ́rẹ́ tí a ti lò ti kújú, ó ń ya ẹran ara dípò kó wọlé jẹ́jẹ́, kòkòrò sì lè gbilẹ̀ lára rẹ̀ níbi tó wà. Orúkọ sì lè ṣì pàrọ̀.

Wọ́n á ní abẹ́rẹ́ tuntun wọ́n. Nínú páálí kan, ọgọ́rùn-ún ló sábà máa ń wà. Iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́, ìmọ̀ rẹ̀, yàrá rẹ̀, ìwọ̀nyí ló gba owó. Bí owó tí ẹ san kò bá lè ra abẹ́rẹ́ tuntun, kí oníṣẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi kún un tàbí kí ẹ máa lọ. Kò sí ẹ̀dínwó kankan nínú abẹ́rẹ́ tí ẹlòmíràn ti lò.

Èyí tó le jù fún wa ni ti ìtìjú. Oníṣẹ́ lè jẹ́ àgbà, a ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé a ń fura sí i. Mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò ní kí á dákẹ́. Ẹ kúnlẹ̀ bí ó bá yẹ ká kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ó bá yẹ ká dọ̀bálẹ̀, kí ẹ wá wí pé: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ọ̀rá rẹ̀ kí ẹ tó tú u." Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú, yóò fà á lé yín lọ́wọ́. Láti ọdún 1999 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti tẹ ìlànà jáde fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, abẹ́rẹ́ tí kò ní kòkòrò sì wà lára ohun tí ìlànà náà ní kí wọ́n máa lò. Ẹ ò bèèrè ohun tuntun. Ẹni tó bá bínú ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tán sí abẹ́rẹ́ Ṣáínà. Abẹ tí a fi ń sín gbẹ́rẹ́ ńkọ́? Abẹ onígbàjámọ̀ ńkọ́? Abẹ́rẹ́ tí a fi ń lu etí ọmọ ńkọ́? Ti ẹni tó ń gbé báàgì kiri abúlé, tó ń gún èèyàn lóògùn ńkọ́? Òfin kan náà ni: tuntun, ẹnì kan, ẹ̀ẹ̀kan, lójú yín. Gbẹ́rẹ́ tó jẹ́ ti ìdílé, mi ò ní kí ẹ pa á tì, ṣùgbọ́n ẹ gbé abẹ yín dání láti ilé, kí ọmọ mẹ́fà má pín abẹ kan.

Bí wọ́n bá lò ó tán, ibo ló ń lọ? Kì í ṣe ààtàn, nítorí ẹsẹ̀ ọmọdé ń débẹ̀. Inú àpótí tàbí ike líle tí abẹ́rẹ́ kò lè lu ni kó lọ, kí wọ́n dé e, kí wọ́n gbé e fún ilé ìwòsàn láti sun ún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ìpàdé tó ń bọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ ya àmì mẹ́ta yẹn sílẹ̀ títí gbogbo yín á fi mọ̀ ọ́n. Kí ẹgbẹ́ fi ẹnu kò pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní gba abẹ́rẹ́ tí wọn kò tú lójú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá dá bèèrè, wọ́n lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí odindi abúlé bá ń bèèrè, oníṣẹ́ á ra abẹ́rẹ́ tuntun, dandan ni. Ẹ tún bèèrè nílé ìwòsàn nípa àjẹsára ẹpatíìtì B, fún ọmọ àti àgbà, nítorí àjẹsára wà fún un.

Ẹ kọ ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí wa, a óò kà á lórí afẹ́fẹ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí ara wa le o. Ó dìgbà.