Kí A Tó Ta Ilẹ̀ Bàbá Wa, Ẹ Jẹ́ Ká Wo Ohun Tó Lè Máa Pa Wọlé



Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ti kúrò ní ohun tí à ń sọ ní kọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ń tà. Ọmọ fẹ́ ra alùpùpù, ó ta ilẹ̀. Òkú ṣẹlẹ̀, wọ́n ta ilẹ̀ láti fi ṣe ìnáwó. Kò pẹ́ kò jìnnà, owó tán, alùpùpù bà jẹ́, ilẹ̀ ò sì padà mọ́. Ìgbà náà la ó wá máa ráhùn pé àlejò ti gba ìlú mọ́ wa lọ́wọ́. Àlejò kọ́ ló gbà á o, àwa la tà á.

Ohun tí ẹgbẹ́ yìí ń sọ kò le. Ilẹ̀ tí a yá èèyàn lò ṣì jẹ́ tiwa, èyí tí a tà ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá nílò owó, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ilẹ̀ náà lè máa mú nǹkan wọlé. Ọ̀nà ibẹ̀ ò sì jẹ́ ẹyọ kan.

Ọ̀nà kìíní ni yàrá. Yálà yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní entrée-coucher, tàbí yàrá àti pálọ̀. Ní àárín ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, ilé iṣẹ́ ṣúgà wà níbẹ̀, ọ̀nà ńlá Kútọnú sí Parakou sì gba ibẹ̀ kọjá, a máa ń rí ẹni tó ń wá yàrá. Ní abúlé, olùkọ́ àti agbẹ̀bí tí ìjọba rán wá ló sábà máa ń yá a. Wọn ò pọ̀. Nítorí náà, ẹ ka ayálégbé kí ẹ tó ka búlọ́ọ̀kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká kàn fi ṣe àpẹẹrẹ pé èèyàn ná 5.000.000 fráǹkì kọ́ yàrá mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú 8.000 wá lóṣù. Ìyẹn jẹ́ 48.000 lóṣù, 576.000 lọ́dún. Bí yàrá kankan ò bá ṣófo rárá, ó máa tó nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án kí owó tó padà. Ṣùgbọ́n yàrá á ṣófo, páànù á jò, a ó sì san owó orí ilé. Ẹ fi ọdún méjì mìíràn kún un. Kì í ṣe òwò àárọ̀ kùtùkùtù kó di alẹ́. Òwò ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀ yín, ẹ má lọ yá owó èlé láti fi bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA tí Bẹ̀nẹ̀ wà nínú rẹ̀, òfin gba àwọn ilé ayánilówó kéékèèké láyè láti gba èlé tó tó 24 nínú 100 lọ́dún. Ilé tí a ṣírò yìí, bíi 11 péré nínú 100 ló ń mú wá. Ẹni tó bá yá 5.000.000 ní èlé tó ga tó bẹ́ẹ̀, èlé ọdún kìíní nìkan lè tó 1.200.000. Ṣé ẹ rí i pé ilé náà ò lè bọ́ gbèsè ara rẹ̀? Ẹ dá àjọ. Ẹ kọ́ yàrá méjì, kí owó méjì yẹn dá sí ẹ̀kẹta.

Ọ̀nà kejì ni búútíkì lẹ́bàá ọ̀nà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Kò gba kíkọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé òfin rẹ̀ yàtọ̀ sí ti yàrá. Òfin OHADA ló ń ṣàkóso rẹ̀. Ọlọ́jà tó bá ti lo ọdún méjì nínú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọ́n tún àdéhùn ṣe. Onílé tó bá kọ̀ láìní ìdí tí òfin gbà, ó lè di ẹni tó ń san owó ìtanràn fún un. Ẹ wo ẹni tí ẹ fẹ́ fún dáadáa.

Ọ̀nà kẹta ni màgásì. Nígbà kajú, àwọn tó ń ra ọjà máa ń wá ibi tí òjò ò ti ní pa á. Màgásì tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ le, lè mú owó wá láàárín oṣù díẹ̀. Bí ìdílé mẹ́ta bá pa owó pọ̀, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ti mọ̀ pé ó lè ṣófo títí ọdún á fi yí po.

Ọ̀nà kẹrin ló dàgbà jù, òun náà la sì ń fojú kéré jù: oko. Àwọn bàbá wa mọ ìṣákọ́lẹ̀ kí Faransé tó dé. Àgbẹ̀ tó wá láti apá Atacora, wọ́n máa ń fún un nílẹ̀ pé kó gbin iṣu, àgbàdo tàbí sóyà, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbin igi. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó gbin kajú ti fẹ́ jókòó títí ayé. Ọgbọ́n yẹn ṣì dára, ẹnu lásán ni kò tó mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tí oko náà dé, iye ọdún, iye owó, ohun tó lè gbìn àti ohun tí kò gbọdọ̀ gbìn. Kí àlejò náà ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé yẹn ń dáàbò bo òun náà, kí ọmọ wa kan má lọ lé e kúrò nígbà tí iṣu ń ta.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí gan-an lọ̀rọ̀ wa. Òfin ilé ayálégbé sọ pé àdéhùn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, àti pé owó ìdúró kò gbọdọ̀ ju ti oṣù mẹ́ta lọ. Onílé ò sì lè dìde kó yọ ilẹ̀kùn ayálégbé nítorí pé ó jẹ gbèsè, ilé ẹjọ́ ló ń pàṣẹ kí èèyàn jáde. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, òfin ti 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 ló dá ìgbìmọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀, CoGeF ní kọ́múùnù, SVGF ní abúlé. Ẹni tí kò ní titre foncier lè wá attestation de détention coutumière. Ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ tí ẹbí ò tíì pín, ìjà ló kọ́ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Ẹbí tí à ń wí yìí, àwọn obìnrin wà nínú rẹ̀ o. Láti 2004 ni òfin ìdílé ti sọ pé ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin jọ ń jogún ni. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin nìkan tẹ̀ka sí, tí àbúrò obìnrin tó wà nílé ọkọ ò mọ̀ nípa rẹ̀, ẹjọ́ ló máa dà lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ̀yin kọ́nséyé wa àti ẹ̀yin olórí abúlé, ohun mẹ́ta là ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ ilẹ̀ abúlé máa jókòó déédéé, ní gbangba. Ẹ ṣe ìwé àdéhùn kan tó rọrùn fún ilé àti fún oko, kí wọ́n kọ ọ́ ní Faransé àti ní èdè wa, kí ẹnikẹ́ni lè rí i gbà láìsan owó ẹ̀yìn. Ẹ sì máa pe ẹbí pọ̀, tọkùnrin tobìnrin, kí ẹ tó fọwọ́ sí títa ilẹ̀ kankan. Ẹni tó bá tún wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa, ohun tó ṣe lórí mẹ́ta yìí la ó kọ́kọ́ bi í.

Ẹ̀yin ará, bí ìnáwó bá ká yín mọ́, ẹ pe ẹbí jọ kí ẹ tó pe oníbàárà. Ilẹ̀ ò ní ọmọ tó máa bí mìíràn fún wa.