Rọ́bà Kékeré Ló Ni Ohùn

Béèsì ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta íápíìsì lábẹ́ agboòrùn ní Agboju, nílùú Èkó. Òǹtajà á ki ẹnu wáyà bọ fóònù tirẹ̀, á yan orin tí ìlù rẹ̀ ń dún kìì-kìì, á gbé e sókè dópin, á ní, "Bọ̀dá, ẹ gbọ́ béèsì yẹn ná!" Oníbàárà á mi orí, á sanwó. Kí bọ́ọ̀sì tó gbé e dé Mile 2, etí ti ń ro ó, ohùn olórin sì ti rì sábẹ́ ìlù bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àmù. Tó bá yá, á padà wá ra òmíràn, á sì máa sọ fún gbogbo ayé pé ọjà owó pọ́ọ́kú kò lè dáa láéláé.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Íápíìsì olówó pọ́ọ́kú tó dùn ún gbọ́, tó sì rọ etí lọ́rùn, lè wà lórí àtẹ kan náà tí oníbàárà yẹn ti ra èyí tó bà á nínú jẹ́. Ohun tó ṣì í lọ́nà ni pé ó ka ìrọ̀rùn sí ọ̀tọ̀, ó ka ohùn dídùn sí ọ̀tọ̀, ó wá rò pé olówó nìkan ló lè rí méjèèjì rà pọ̀. Orísun kan náà ni wọ́n ní: rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu íápíìsì, àti bó ṣe bá ihò etí ẹni tó rà á mu.

Nínú íápíìsì, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń tó nǹkan bíi mìlímítà 10. Mágínẹ́ẹ̀tì àti wáyà wíwé ló ń mì í síwá sẹ́yìn. Irú awọ bẹ́ẹ̀ kò lágbára láti mi afẹ́fẹ́ inú yàrá. Ìwọ̀nba èyí tó há sáàárín òun àti ìlù etí nìkan ni apá rẹ̀ ká. Bí rọ́bà bá dí ihò etí dáadáa, afẹ́fẹ́ yẹn kò ríbi sá gbà, ìlù tó lọ sílẹ̀ á dún kíkún. Bí àlàfo bá wà, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jò dànù, èyí tó ṣẹ́kù á wá máa han gooro láìní ara. Ìdí nìyẹn tí íápíìsì kan ṣoṣo fi lè dùn létí ẹ̀gbọ́n kó sì burú létí àbúrò.

Ìnira náà kò jìnnà síbẹ̀. Rọ́bà tó tóbi jù á máa ti ògiri ihò etí títí tí yóò fi máa dunni. Èyí tó kéré jù á máa yọ̀ jáde, ẹni tó ń lò ó á máa tì í wọlé léraléra, ike líle á bẹ̀rẹ̀ sí í ha á létí. Ọ̀pọ̀ íápíìsì onírọ́bà ló sì ń bá oríṣi mẹ́ta wá nínú páálí: ńlá, alábọ́ọ́dé àti kékeré. Kí ni oníbàárà ń ṣe? Á yọ wáyà, á ju páálí àti rọ́bà ìyókù sẹ́bàá títì. Ohun tó sanwó fún gan-an ló jù nù yẹn. Etí ọ̀tún àti tòsì ẹlòmíràn kò tilẹ̀ gba ìwọ̀n kan náà, kò sì sí òfin tó ní kí rọ́bà méjèèjì dọ́gba.

Wíwọ̀ ọ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, nítorí ihò etí kì í ṣe ọ̀nà tó gún. Kí ọwọ́ òsì gba orí kọjá, kó fa òkè etí ọ̀tún sókè sẹ́yìn díẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún rọra ti íápíìsì wọlé, kí wọ́n tó fi etí sílẹ̀. Bí ẹni náà bá wá sọ̀rọ̀, tí ohùn ara rẹ̀ ń ró nínú agbárí, ó ti dí nìyẹn. Òǹtajà tí kò bá lè dúró kí oníbàárà ṣe èyí, ọjà rẹ̀ ló yẹ kó dúró sí i lọ́wọ́. Ẹni tó gbọ́n sì máa ń mú rọ́bà tirẹ̀ láti ilé, torí ìdọ̀tí etí ẹlòmíràn kì í ṣe èènì. Àwọn kan fẹ́ràn oní-fóòmù tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ pọ̀ kó tó wú nínú etí. Ó rọni lọ́rùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ooru Èkó, òógùn kì í jẹ́ kó pẹ́. Rọ́bà lásán ṣeé fi ọṣẹ àti omi fọ̀.

Orin wo ni kí wọ́n wá fi dán an wò? Dájúdájú, kì í ṣe ti òǹtajà. Orin àpàlà Haruna Ishola kan lórí mẹ́mọ́rì káàdì ju ìwé ẹ̀rí lọ. Agídìgbo wà nísàlẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lókè, ohùn bàbá wà láàárín. Bí agídìgbo bá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, béèsì ti wú jù. Bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá ń ta etí, kí ó dá a padà. Ẹni tó fẹ́ràn jùjú lè lo "Synchro System" tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1983, kó wò ó bóyá òun lè ya gìtá kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, kó sì wá gbọ́ gángan. Gángan ń fi ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀; íápíìsì tí kò ní ju béèsì lọ á sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ariwo. Ó ya ni lẹ́nu pé àwọn tó ni irú orin báyìí ló ń jẹ́ kí wọ́n fi "kìì-kìì" nìkan ta ọjà fún wọn.

Ẹlòmíràn á ní òun gbọ́ ìlù, òun gbọ́ gìtá, olórin gan-an ló sọnù. Kó tó bú íápíìsì, kó wo ẹnu wáyà. Èyí tó ní máìkì fún ìpè máa ń ní òrùka mẹ́ta lára irin rẹ̀, ti orin nìkan ní méjì. Ẹ̀rọ MP3 kékeré tí wọ́n ṣe fún olórùka méjì lè má bá olórùka mẹ́ta mu. Bí irin tí ọ̀tún àti òsì fi ń dá iná padà kò bá kan ara dáadáa, ohun tí apá méjèèjì jọ ní á pa ara rẹ̀ rẹ́, ohùn olórin tí wọ́n sábà máa ń gbé sáàárín á sì pòórá. Fífa ẹnu wáyà jáde díẹ̀ lè dá a padà. Fún ẹ̀rọ orin lásán, èyí tí kò ní máìkì ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wá.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní wáyà ti di ti àtijọ́ láti ìgbà tí Apple ti yọ ihò rẹ̀ kúrò lára iPhone 7 ní 2016. Ẹni tí owó rẹ̀ tó owó kó lo Bluetooth. Ṣùgbọ́n nínú owó pọ́ọ́kú, bátìrì á mú tirẹ̀, rédíò inú rẹ̀ á mú tirẹ̀, àpótí tí wọ́n fi ń gba iná á mú tirẹ̀. Kí ló wá kù fún ohùn? Bátìrì yẹn á sì gbó bópẹ́ bóyá. Wáyà kò béèrè iná ọba lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọrùn rẹ̀, níbi tó ti pàdé irin, ni kí oníbàárà yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń já. Orúkọ ara páálí kò tó gbẹ́kẹ̀ lé: Oraimo, tó jẹ́ ti Transsion tó ni Tecno, Infinix àti itel, lókìkí débi pé ayédèrú rẹ̀ náà ń rìn káàkiri.

Rọ́bà tó bá etí mu tún ń gba etí là. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ohùn tó tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 kò léwu fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Nínú dánfó tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú ramúramù, ẹni tí etí rẹ̀ kò dí á máa gbé orin sókè kó lè borí ariwo.

Àtakò kan ṣoṣo ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Etí tó dí kì í gbọ́ fèrè tírélà, òpópónà Badagry kò sì ṣeé fi irú etí bẹ́ẹ̀ sọdá. Fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Agboju wọ Festac, èyí tó dáa ni oní-fóòmù agbékarí, irú èyí tó bá ẹ̀rọ orin Walkman àkọ́kọ́ ti Sony jáde ní 1979. Orí etí ló ń jókòó sí, ó sì ń jẹ́ kí ariwo títì wọlé. Béèsì rẹ̀ kéré, aládùúgbò á sì máa bá a gbọ́ orin lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká ju ọ̀kan lọ, kó ra onírọ́bà, kó sì yọ ọ́ létí kó tó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.