Ẹjọ́ Tí A Jàre Tí A Kò Rí Èrè Rẹ̀

Ibo ni agbára ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ pin sí? Ní ọdún 1962, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, yọ Akíntọ́lá kúrò ní ipò Olórí Ìjọba nítorí ìwé tí aṣòfin 66 fọwọ́ sí, ó sì fi Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Ilé-Ẹjọ́ Àpapọ̀ ní Èkó wí pé kò tọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù May 1963, Ìgbìmọ̀ Ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ ilẹ̀ wa ń pẹ̀kun sí nígbà náà, dá Adégbénró láre.

Kíákíá ni àwọn aṣòfin Ìbàdàn tún òfin náà kọ, wọ́n sì dá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn dé 1960! Àwa kò lè yìn wọ́n. Akíntọ́lá kò kúrò. Ní oṣù October ọdún náà, a kò gbé ẹjọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́.