Òṣùwọ̀n Dà Lórí Àtẹ Ẹran?

Odidi ẹran màálù tí a yan nínú ófùnù fún wákàtí mẹ́ta, tí bàbá, ìyá àti ọmọ yóò jókòó tì ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ti di ohun tí àwọn tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń polówó. Wọ́n ní kò ná ni lówó púpọ̀. Wọ́n ní kí ènìyàn ra kílò kan àbọ̀ níbi èjìká màálù, kí ó fi iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà pa á lára, kí ó bò ó, kí iná sì wà ní ìwọ̀n 160 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìmọ̀ràn náà dára. Ohun tí wọn kò sọ ni ibi tí ará Ìkirè tàbí Àpòmù yóò ti rí kílò kan àbọ̀ rà.

Nítorí ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ẹran tútù nílẹ̀ Yorùbá, kò sí ohun tó ń jẹ́ kílò. Ẹran ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló wà, ẹran ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló wà. Alápatà yóò wo ojú oníbàárà, yóò wo aṣọ ọrùn rẹ̀, yóò fa ọ̀bẹ yọ, yóò gé e, yóò fi ọ̀rá díẹ̀ àti eegun méjì lé e lórí, yóò sì ní ó ti tó. Ó tó báwo? Ta ló wọ̀n ọ́n?

Ẹni tó ń se ọbẹ̀ lè fara da èyí. Ọbẹ̀ a máa bo àṣírí: bí ẹran kò bá pọ̀, wọn a gé e kéékèèké, wọn a fi pọ̀nmọ́ àti ṣàkì kún un, ata yóò sì bo gbogbo rẹ̀. Odidi ẹran yíyan kò ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Orí àwo ni yóò wà, ojú gbogbo ilé ni a ó sì ti gé e. Bí ó ti ń jinná ni omi àti ọ̀rá ń jáde lára rẹ̀. Bí ìdá mẹ́rin bá wọ inú iná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdá mẹ́ta ni yóò jáde. Kílò kan àbọ̀ tí kò ní eegun yóò di nǹkan bíi kílò kan ó lé díẹ̀, tí ẹni mẹ́fà lè fi jẹ iṣu, kí ó sì ṣẹ́ kù fún ọbẹ̀ ọjọ́ kejì. Bí ohun tí wọ́n pè ní kílò kan àbọ̀ bá wá jẹ́ kílò kan géérégé, tí eegun tún wà nínú rẹ̀, ẹran ẹni mẹ́ta ni yóò délẹ̀. Àkókò tí ẹran yóò lò nínú iná gan-an, ìwọ̀n rẹ̀ ni a fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìwọ̀n, inú òkùnkùn ló ti ń dáná.

Bí ẹran bá sì kéré, gbogbo ayé ló mọ ẹni tí tirẹ̀ yóò kọ́kọ́ kéré nínú ilé. Ọmọ ni. Àwọn kan ṣì ń sọ fún un títí di òní pé ẹran ńlá ní í sọ ọmọ di olè. Gíráàmù 200 tó sọnù lórí àtẹ, inú àwo ọmọ ló ti sọnù.

Owó ibẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Nínú àkọsílẹ̀ National Bureau of Statistics, kílò kan ẹran màálù tí kò ní eegun ti kọjá 5,000 náírà ní ìdajì kejì ọdún 2024. Oṣù Keje ọdún náà ni owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè yìí di 70,000 náírà. Bí òṣìṣẹ́ bá kó gbogbo owó oṣù náà fún alápatà, tí kò ra iṣu, tí kò san owó ilé, kò lè ra kílò 14 pé. Ẹ tún wo ohun tó wà níbẹ̀: ìjọba ń ka iye owó ẹran ní kílò, nígbà tí ẹni tó ń ra ẹran náà ń fi ojú lásán rà á.

Àwọn kan yóò ní kí ni ti Ìkirè nínú ẹran ófùnù, ṣebí oúnjẹ òyìnbó ni. Ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Àsun kì í ṣe ti òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni ẹran tí ọdẹ ń yan lórí iná nínú oko. Ìlú tó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí ìlú mìíràn ìbá dà nù, tó fi ata àti iyọ̀ sí i, tó dín in nínú epo pupa, tó sì sọ ọ́ di dòdò Ìkirè tí èrò ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń dúró rà, kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ bí a ti í sọ ohun tí kò níyì di adùn. Èjìká, igẹ̀ àti ọrùn màálù kò yàtọ̀. Ibi tí màálù fi ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n, pàápàá màálù tó ti rin pápá káàkiri kí ó tó dé gúúsù. Wọ́n yi, níbi tí wọ́n bá sì ti ń ya ẹ̀yà ẹran sọ́tọ̀, owó wọn kì í tó ti ibi rírọ̀. Iná pẹ́lẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, pẹ̀lú omi díẹ̀ nísàlẹ̀ àti ìdérí tó ṣe rẹ́gí, ni yóò rọ̀ wọ́n. Iná tó pọ̀ yóò sọ wọ́n di awọ bàtà. Kí òǹrajà sì tètè sọ fún alápatà pé kí ó má gé e wẹ́wẹ́, nítorí ọwọ́ àwọn ènìyàn yẹn a máa yá.

Ti ófùnù ńkọ́? Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní sì ń fi tiwọn kó ìkòkò pamọ́ sí. Iná mànàmáná kò ṣeé gbójú lé, gáàsì sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò tán. Àwọn obìnrin tó ń ṣe kéèkì ti ń da yanrìn sínú ìkòkò ńlá tipẹ́, wọn a gbé agolo kéèkì lé e, wọn a dé e lórí èédú. Ẹran yóò jinná níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé búrẹ́dì tún wà, tí ààrò rẹ̀ ṣì ń gbóná lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó búrẹ́dì jáde. Ní London ní ọ̀rúndún 19, àwọn tálákà tí kò ní ófùnù nílé a máa gbé oúnjẹ ọjọ́ Àìkú wọn lọ sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì, wọn a san owó táṣẹ́rẹ́, wọn a sì padà wá gbé e nígbà tó bá jinná. Kò sí ohun tó ní kí oníbúrẹ́dì Àpòmù má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹran tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣáá, orí àtẹ ni yóò ti kọ́kọ́ kúrò, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà.

Ohun tó ń múni bínú jù ni pé òṣùwọ̀n kì í ṣe àjèjì ní agbègbè yìí. Ilẹ̀ kòkó ni. Àgbẹ̀ kòkó wo ni yóò jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á fi ojú wo àpò, kí ó sì dá iye lé e? Yóò ní kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, yóò sì dúró tì í, nítorí ó mọ̀ pé wọ́n lè yí òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹja yìnyín, kílò ló fi ń tà á. Tọ̀lótọ̀ló àti adìẹ dídì, kílò ni. Gáàsì tí wọ́n ń rọ sínú sílíńdà, kílò ni. Kí ló wá dé tí ti màálù fi jẹ́ ojú?

Àwọn alápatà ní àwíjàre, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Ojú ni àwọn náà fi ń ra màálù ní kárà. Kò sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n fún wọn. Bí màálù bá sanra lójú tí kò sanra nínú, àwọn ni yóò jẹ gbèsè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí èyí ń sọ ni pé ìrẹ́jẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹran tó dé Ìkirè, alápatà sì ti rí ẹni tí yóò gbé e fún. Wọ́n tún ní òṣùwọ̀n yóò pa ìnájà àti ènì, àti pé tálákà tó fẹ́ ra ẹran ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà kò ní rí i rà mọ́. Irọ́ gbáà. Òṣùwọ̀n kì í kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta; iye gíráàmù tó kàn án ló ń sọ. Alápatà tó bá lawọ́, kí ó ju ènì rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n kí oníbàárà rí i. Lónìí, inú ohun tí oníbàárà ti sanwó rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènì ti ń wá. Ẹni tí ìyà yìí ń jẹ jù sì ni àlejò: akẹ́kọ̀ọ́ ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìkirè, olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, ìyàwó tuntun tí kò tíì ní alápatà tirẹ̀.

Òfin wà. Láti ọdún 1974 ni Nàìjíríà ti ní òfin Weights and Measures, ẹ̀ka kan sì wà ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí káràkátà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mójú tó òṣùwọ̀n. Ìwé òfin ilẹ̀ yìí ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi ọjà àti ibi ìpẹran sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Irewọlé ní Ìkirè àti Ìṣọ̀kan ní Àpòmù ni ọ̀rọ̀ kàn ní tààràtà. Àmọ́ ní ọdún 2025, APC àti PDP fa ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ l'Ọ́ṣun. Àga ni wọ́n ń jà sí. Ẹni yòówù tó bá jókòó sórí rẹ̀, ọjà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Àpòmù ló sì yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe é. Ọjà rẹ̀ ti lókìkí kí òyìnbó tó dé. Ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí ó jáde lọ́dún 1921, ìjà lórí ataare ní ọjà Àpòmù, bóyá iye rẹ̀ pé tàbí kò pé, wà lára ohun tó dá ogun sílẹ̀ láàárín Òwu àti Ìjẹ̀bú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ogun tó parí sí ìparun Òwu. Ohun mìíràn wà lẹ́yìn ogun náà, òwò ẹrú pàápàá. Iṣẹ́ àwọn òpìtàn nìyẹn. Àmọ́ nínú ọjà tí wọ́n ti ka ataare ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba "ó ti tó" báyìí lórí ẹran ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà.

Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ní ẹnu ọ̀nà ọjà, tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, tí ẹlẹ́ran kankan kò ní àṣẹ lé lórí, tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n máa kọ iye owó kílò kan sára pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ra ẹran gbé e ka ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó tó kọjá sílé, bí kò bá sì pé, kí ó padà sídìí àtẹ lọ gba ìyókù.