Òfin ní kí alákòóso ìlú Tamale kéde dúkìá rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè ka ìkéde náà?

Ẹni tó bá fẹ́ di alákòóso ìjọba ìbílẹ̀ ní Tamale, olú ìlú ẹkùn Àríwá Ghana, gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun ìní rẹ̀ àti gbèsè tó jẹ sílẹ̀, kó sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Àgbà Ayẹ̀wé-owó-wò. Abala 286 nínú ìwé òfin ọdún 1992 àti òfin 550 ti ọdún 1998 ló pa á láṣẹ. Yóò tún un ṣe ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin àti nígbà tó bá ń fipò sílẹ̀.

Inú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa ni ìkéde náà máa ń wà. Ilé ẹjọ́, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ààrẹ gbé kalẹ̀, tàbí olùwádìí tí ọ̀gá àjọ CHRAJ, tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, bá yàn ni òfin dárúkọ pé ó lè béèrè fún un. Obìnrin tó ń san owó ìsọ̀ ní ọjà Tamale (ọjà tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ṣòwò kí ìjọba Busia tó lé wọn lọ ní 1969) kò sí lára wọn.

Abala kan náà sọ pé dúkìá tí òṣìṣẹ́ ọba bá ní lẹ́yìn ìkéde àkọ́kọ́, tí kò wá láti inú owó iṣẹ́, ẹ̀bùn, ẹ̀yáwó, ogún tàbí ọ̀nà mìíràn tó bọ́gbọ́n mu, lòdì sí òfin. Gbólóhùn tó múná ni. Àmọ́ ẹni tí yóò fi tòní wé tàná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí tàná. Ará ìlú tó fẹ́ gbé ẹ̀sùn lọ sí CHRAJ kò ní ẹ̀rí kan ju ilé tuntun tó fojú rí lọ.

Ààrẹ John Mahama fún àwọn tó yàn sípò di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2025. Nígbà tí àwọn kan kùnà, ó ní kí wọ́n pàdánù owó oṣù mẹ́rin, àti pé ẹni tí kò bá tíì kéde títí di ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ti pàdánù ipò rẹ̀. Irú ìjìyà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Ghana. Síbẹ̀, ẹni tí kò fi ìwé sílẹ̀ ló bá. Kò kan ẹni tó parọ́ sínú tirẹ̀.

Owó tó ń wọ ìjọba ìbílẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ètò ìṣúná ọdún 2025 ṣèlérí pé, ó kéré tán, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó àjùmọ̀ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yóò máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà, níbi tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti pàṣẹ ní oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó máa lọ tààrà sí ìjọba ìbílẹ̀. Níbẹ̀, àwọn alága àti káńsẹ́lọ̀ náà ń kéde dúkìá. Ìwé òfin gbà pé ará ìlú lè yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ìlànà tí ilé aṣòfin bá ṣe, ṣùgbọ́n wọn ò tíì ṣe ìlànà ọ̀hún.

Ààrẹ ló ń dábàá orúkọ alákòóso Tamale, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó dìbò ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n má béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó dìbò, pé kó fi ìkéde tirẹ̀ hàn gbogbo ìlú.